Mùínátù àti Wáyà Abẹ́ Pákó

Bí o bá dé Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì tí o ń bèèrè Mùínátù, wọn yóò bi ọ́ pé Mùínátù wo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ní Ìyá Rìwáyà, ẹni àkọ́kọ́ tí o bá pàdé ni yóò mú ọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun nìkan ni obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná ọkọ̀ ní gbogbo àdúgbò náà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi ìborùn di orí rẹ̀ le kó má baà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá jọ jókòó tí ẹ ń sọ̀rọ̀, yóò máa ká okùn mọ́ ìka, yóò máa tú u. Bí kò bá sí okùn, etí aṣọ rẹ̀ ni yóò máa ká.

Ìyá tó bí i ní láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, á dé ìdajì ọ̀nà, á sáré padà wá wò bóyá òun ti pa sítóòfù. Bàbá rẹ̀, Àkíbù, ń tún rédíò ṣe ní yàrá iwájú ilé wọn, ibẹ̀ sì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ wáyà. Nígbà tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ní iṣẹ́ rìwáyà lòun fẹ́ kọ́, bàbá rẹ̀ dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ aránṣọ ló ti ní lọ́kàn fún un. Ní ọjọ́ kẹta ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì mú ọmọ lọ bá Akínyẹlé, ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀ lábẹ́ igi kan nítòsí Fájuyì, níbi tí ọkọ̀ Igbemo ti ń gbé èrò.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu Akínyẹlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Mùínátù débẹ̀, awakọ̀ kan ní kí obìnrin má fọwọ́ kan ọkọ̀ òun. Akínyẹlé kò bá a jiyàn. Ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà dé, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọkọ̀ mìíràn. Awakọ̀ náà dúró díẹ̀, ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kó dára, kí ọmọ náà ṣe é. Láti ọjọ́ náà Mùínátù kò tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi yẹn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ ọ níbòmíràn. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ fún un ni pé kì í ṣe kí iná tàn ni iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni lè so wáyà méjì pọ̀ kí iná sì tàn. Iṣẹ́ ni kí wáyà náà ṣì wà níbi tí o fi í sí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. “Wáyà tí o kò bá fún ní ibùjókòó,” ni Akínyẹlé wí, “yóò wá ibùjókòó fúnra rẹ̀, ibi tó bá sì jókòó sí lè máà wù ọ́.”

Ó lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gba òmìnira, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Òkè-Ìlá. Ó fẹ́ Qowiyy, ọkùnrin tútù kan tó ń tẹ́ táìlì, wọ́n sì bí ọmọbìnrin wọn, Hafsoh. Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn awakọ̀ tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tó yí ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé àwọn tíṣà lọ síbi iṣẹ́ ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Adó ká ni wọ́n gbé wá fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé iná iwájú rẹ̀ kò tàn. Ó fa wáyà tuntun gba inú ihò kan tó wà lára irin lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Ó yẹ kó fi rọ́bà kékeré sí ẹnu ihò náà kí etí irin má baà máa gé wáyà. Rọ́bà náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ ń kánjú. Ó ní òun yóò fi sí i tó bá padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Awakọ̀ kò padà wá lọ́jọ́ Sátidé, Mùínátù náà kò sì wá a lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù nígbà tí ọkọ̀ náà ń lọ lójú títì. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n tíṣà kan tó jókòó ní iwájú, Fúnkẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ni ilẹ̀kùn kò tètè ṣí fún, iná sì jó apá ọ̀tún rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Kò sí ẹni tó bi Mùínátù ní nǹkan kan. Awakọ̀ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn rìwáyà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọkọ̀ náà ti gbó jù. Ọkọ̀ jó tán, kò ku ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùínátù mọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin kò lè jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ karùn-ún ó lọ sílé ìwòsàn tí Fúnkẹ́mi wà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ihò náà, rọ́bà tí kò sí, àti ọjọ́ Sátidé tí òun kò wá ọkọ̀ náà lọ. Fúnkẹ́mi tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Kò sọ̀rọ̀ burúkú, kò sì sọ pé òun ti dárí jì í. Ó kàn ní kó máa lọ sílé, pé ó ti rẹ òun.

Láti ìgbà náà ni àìbalẹ̀ ọkàn Mùínátù ti kúrò ní eré ọmọdé. Tó bá parí iṣẹ́ lára ọkọ̀ kan, á tún un wò. Tí ọkọ̀ bá ti lọ, á máa ro gbogbo ibi tí ọwọ́ òun ti kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn á pe awakọ̀ lójú ọ̀nà pé kó dúró, kó wo abẹ́ bátìrì fún òun. Àwọn kan bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí èyí. Àwọn mìíràn wá nítorí rẹ̀ gan-an.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, fóònù rẹ̀ dún. Fúnkẹ́mi ni. Wọn kò tíì gbúròó ara wọn láti ilé ìwòsàn. Ó ní òun ti di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abà Ọdẹ́rìnlọ, lẹ́yìn Igbemo, ní òdìkejì omi ńlá kan tí ìjọba sé. Àwọn ọmọ tó wà ní apá Igbemo kì í rí ọ̀nà wá sílé-ẹ̀kọ́ lásìkò òjò, nítorí pé ọ̀nà ilẹ̀ jìn, ẹrẹ̀ sì máa ń bò ó. Bàbá Adébíyìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń sin ẹja níbẹ̀, ti ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọn yóò fi máa gbé àwọn ọmọ kọjá. Ọkọ̀ náà dára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ń da ọkàn òun rú.

Mùínátù gbé okùn tó ń ká mọ́ ìka sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ má bínú mà, ṣé èmi lẹ fẹ́ kó wá ṣe é?”

“Ìwọ ni.”

“Rìwáyà pọ̀ ní Adó, mà.”

“Wọ́n pọ̀,” ni Fúnkẹ́mi wí. “Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó máa sọ fún mi tí kò bá dára.”

Mùínátù kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Nígbà tó dé etí omi náà ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, tó wo inú ọkọ̀ tí Bàbá Adébíyìí rà ní àlòkù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Gbogbo ẹni tó ti tún iná ọkọ̀ náà ṣe rí ló ti fi wáyà tirẹ̀ kún un, tí kò sì sí ẹni tó yọ ti ẹni tó ṣáájú kúrò. Wáyà pupa so mọ́ aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé so mọ́ wáyà rédíò. Tépù tí wọ́n fi wé e ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn sùn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, nínú omi tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tó bó ọ̀kan, bàbà inú rẹ̀ ti yọ àwọ̀ ewé, ó sì ń ṣẹ́ bí igi gbígbẹ.

Ọmọ́níyì, ọmọ Igbemo, ni ẹni tí yóò máa wa ọkọ̀ náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní, “Uṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ o, Ìyá Rìwáyà.” Mùínátù ní iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ yọ gbogbo wáyà náà kúrò pátápátá. Lẹ́yìn náà ó to òkúta sórí iyanrìn etí omi: òkúta kan dúró fún bátìrì, ọ̀kan fún iná iwájú, ọ̀kan fún fèrè, ọ̀kan fún pọ́ǹpù kékeré tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó ta wáyà tuntun láti òkúta dé òkúta, ó wò ó, ó tún un tà. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀, irin ara ọkọ̀ ló máa ń gbé iná padà sí bátìrì, nítorí náà wáyà kan ti tó. Ọkọ̀ yìí kò ní irin lára. Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ní wáyà méjì tirẹ̀, lílọ àti bíbọ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ a sì máa sinmi lójú títì tó bá dán, ṣùgbọ́n èyí yóò máa mì ní gbogbo ìgbà tó bá ti wà lórí omi.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó gbé wáyà kúrò nísàlẹ̀, ó mú un gba abẹ́ etí ọkọ̀ lókè níbi tí omi kì í dé, ó sì ń fi kílíìpù dè é mọ́ ara ọkọ̀ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ sí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Níbi tí wáyà bá ti gba inú ihò, ó fi rọ́bà sí ẹnu ihò náà, ó tún tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi fíúùsì sí ìtòsí bátìrì kí iná lè já fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá ṣe. Ó fi bátìrì sínú àpótí ike, ó fi bẹ́líìtì dì í mọ́lẹ̀. Níbi tí wáyà ti ń lọ sí ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ kó má baà já nígbà tí Ọmọ́níyì bá ń yí ẹ́ńjìnnì. Wáyà pọ́ǹpù nìkan ni kò ṣeé gbé sókè pátá, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni pọ́ǹpù wà. Ó mú un gba abẹ́ pákó, ó sì fi kílíìpù dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó kọ orúkọ sórí tépù funfun sí ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan: Iná Iwájú, Fèrè, Pọ́ǹpù. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé wọ́n gbé ọkọ̀ sórí omi, gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, inú Bàbá Adébíyìí sì dùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, Mùínátù ń gúnyán lọ́wọ́ nígbà tó gbé ọmọ odó dúró lókè. Kílíìpù tó kẹ́yìn lábẹ́ pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà pọ́ǹpù ti rọ̀ sísàlẹ̀, ló sọ sí i lọ́kàn. Ó rántí pé òun ti mú kílíìpù náà dání. Ó rántí pé Bàbá Adébíyìí pe òun láti etí omi pé ṣé ó ti kù díẹ̀, òun sì dáhùn. Lẹ́yìn náà ó rántí pé òun ń gbé pákó padà. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnìkan gé e kúrò.

Ó fi iyán sílẹ̀, ó lọ da àpò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kílíìpù mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ló kó lọ? Ó wọlé, ó jáde. Ó pe Bàbá Adébíyìí, fóònù kò wọlé, wọ́n ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó rí i pè lọ́sàn-án, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ sinmi, ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Mùínátù bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ kí òun tó dé. Bàbá ní ọjọ́ Ajé ni ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, aago mẹ́jọ ni wọ́n ń tò, òun ti ṣe ìlérí fún àwọn òbí.

Qowiyy tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní, “Ìyá Hafsoh, o ti ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa. Mo mọ̀ ọ́.”

“O lè mọ̀ mí. Mo fẹ́ mọ kílíìpù yẹn.”

Ó rí i pé òun kò lè dá a dúró, ó sì bá a gún iyán tó ti ń tutù parí.

Lẹ́yìn ìrun Súbùhì lọ́jọ́ Ajé, Mùínátù ti wà ní Fájuyì. Ọkọ̀ Igbemo kan ń gbé èrò, ṣùgbọ́n èrò méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó bọ́ sílẹ̀, ó pe ọlọ́kadà kan, ó sì ní kó gbé òun dé etí omi tààrà. Ìkùukùu ṣú lápá ìlà oòrùn. Ní gbogbo ọ̀nà ó ń fi ọwọ́ kan di àpò iṣẹ́ rẹ̀ mú, ó sì ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà náà bí ẹni pé yóò bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tó débẹ̀, ọkọ̀ ti wà láàárín omi. Èrò àkọ́kọ́ ló ń gbé lọ. Ó ń rí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọ̀ọ́kán, ó sì rí gèlè aláwọ̀ aró kan láàárín wọn tí òbí kan sọ fún un pé ti Fúnkẹ́mi, ọ̀gá àgbà wọn, ni. Ó pe fóònù rẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ó rìn lọ sí ìdí igi mángòrò kan, ó rìn padà. Ó wọ omi dé kókósẹ̀ láìmọ̀. Àwọn òbí tó ń dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ èrò kejì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Nígbà tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ ní òdìkejì tó rí i tí àwọn ọmọ ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́yìn kúrò nínú omi.

Ọkọ̀ padà dé. Kí ọmọ kankan tó wọ̀ ọ́, Mùínátù ti dúró sí ẹnu rẹ̀. Bàbá Adébíyìí sọ̀ kalẹ̀ wá láti ìdí adágún ẹja rẹ̀.

“Kí lo gbàgbé?” ló bi í.

“Mi ò mọ̀ bóyá mo gbàgbé nǹkan kan, sà.”

“O ò mọ̀?”

“Mi ò mọ̀, sà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.”

Bàbá náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló ń dúró, òjò sì fẹ́ rọ̀. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni òun fún un. Mùínátù wọ inú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ṣí pákó náà.

Kílíìpù náà wà níbẹ̀. Ó wà níbi tó yẹ kó wà, síkúrù rẹ̀ wọlé dáadáa. Ó fi ìka fà á, kò mì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ojú tì í débi pé kò fẹ́ gbórí sókè. Láti Adó dé ibí, ọkàn tí kò balẹ̀ láti àná, àwọn ọmọ tó ń dúró nínú atẹ́gùn tútù, gbogbo rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí ọwọ́ òun ti ṣe tán.

“Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀ báyìí?” ni Bàbá Adébíyìí wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ó fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń gbé pákó padà nígbà tí òórùn kan gba imú rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ti bẹntiróòlù, èyí tó ti mọ́ imú rẹ̀ lára. Òórùn rọ́bà tó gbóná ni, ó fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá kan ọ̀rá. Ó yíjú sí àpótí bátìrì. Bẹ́líìtì tó fi dì í kò rí bó ṣe dì í. Ó ṣí i. Wáyà tín-ín-rín méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi so rédíò, wà lórí bátìrì níbẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọwọ́ lọ́ wọn mọ́ orí bátìrì gan-an, wọn kò gba inú fíúùsì kankan kọjá. Wọ́n gba ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lọ sí abẹ́ ìjókòó Ọmọ́níyì. Níbi tí kẹ́ẹ̀gì náà ti tẹ̀ wọ́n mọ́ etí pákó, ara wáyà ti rọ̀, ó ti ń yọ́, méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ di ọwọ́, ó sì fà wọ́n yọ. Ó gbé wọn sókè kí Bàbá Adébíyìí rí i.

Bàbá Adébíyìí wo wáyà náà, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo òdìkejì omi níbi tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ti ń gun òkè lọ sílé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ọmọ́níyì. Ó ní kó kúrò nínú ọkọ̀ òun, kó má tún fẹsẹ̀ kàn án mọ́. Àwọn òbí náà ti ń pariwo lé e lórí.

Mùínátù ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun bi í léèrè. Ó bi í pé kí ló fẹ́ fi wáyà náà ṣe.

Ọmọ́níyì kò gbójú sókè. Ó ní fóònù òun ló fẹ́ fi gba iná. Ìyàwó òun, Àyọ̀kẹ́, wà ní Adó lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin tó fẹ́ bímọ, wọ́n sì ti ní kí òun má pa fóònù. “Ulé mi kò níná,” ló wí. “Ó ti tó oṣù méjì. Mo ní bátìrì tó ń gbé iná tó tó yẹn, kí ni ti fóònù kékeré lára rẹ̀?”

Mùínátù wo àpótí bátìrì náà. Ó ronú pé òun ti ro ohun gbogbo tí ọkọ̀ náà nílò lórí iyanrìn lọ́jọ́sí, òkúta kan fún iná, òkúta kan fún fèrè. Òun kò to òkúta kankan fún ọkùnrin tí yóò jókòó sínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ó yíjú sí Bàbá Adébíyìí. “Sà, bí ẹ bá lé e lọ, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ náà yóò ní fóònù. Ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí.”

“Àwọn ọmọ ti pẹ́.”

“Wọ́n ti pẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ sí i.”

Bàbá náà fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní kó máa ṣe é. Mùínátù fa wáyà tó nípọn láti ẹ̀yìn fíúùsì, ó fún ẹ̀ka náà ní fíúùsì kékeré tirẹ̀, ó mú un gba òkè bíi ti àwọn yòókù, jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì. Kílíìpù mẹ́ta tó kù nínú àpò rẹ̀ ló fi dè é. Ojú ṣájà tí awakọ̀ kan fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú àpò, ó fi kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ súìṣì. Ó kọ ọ́ sórí tépù: Fóònù. Lẹ́yìn náà ó pe Ọmọ́níyì, ó mú ọwọ́ rẹ̀ lé wáyà àtijọ́ náà níbi tó ti yọ́, ó jẹ́ kó fọwọ́ kàn án dáadáa. Kò bá a wí. Ọkùnrin náà di wáyà náà mú pẹ́, omi sì lé sí ojú rẹ̀.

Nígbà tó parí, ìyá ọmọ kan ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun wọ ọkọ̀ náà mọ́. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Bàbá Adébíyìí yíjú sí Mùínátù. Mùínátù mọ ohun tó kù fún òun láti ṣe. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, omi tó bá ti kọjá orúnkún máa ń bà á lẹ́rù. Ó ní Bísímílàhì, ó sì jókòó sí ìdí bátìrì.

Ìyá náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, òun náà sì wọlé tẹ̀lé e.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí wọ́n dé àárín omi. Mùínátù di pákó mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò wo omi, abẹ́ pákó nìkan ló ń fetí sí. Omi òjò ń wọlé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń pọ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dìde nígbà tí pọ́ǹpù náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń tu omi jáde ní ẹ̀gbẹ́. Ó jókòó padà. Àwọn ọmọ ń kọrin. Kò mọ ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Fúnkẹ́mi ń dúró létí omi ní òdìkejì lábẹ́ agbòjò. Ó bèèrè ohun tó dá wọn dúró. Mùínátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kankan pa mọ́: pé kílíìpù tí òun tìtorí rẹ̀ wá kò ní àléébù kankan, pé wáyà kan tó lè jó gbogbo wọn wà lábẹ́ ìjókòó nígbà tí Fúnkẹ́mi àti àwọn ọmọ àkọ́kọ́ kọjá, àti pé òun kò ronú nípa fóònù awakọ̀ nígbà tí òun ń ṣe iṣẹ́ náà. Òjò ń rọ̀ sórí apá Fúnkẹ́mi tó di agbòjò mú, níbi tí awọ ara ti yí padà. Ó ka àwọn ọmọ tó ń sáré lọ sí kíláàsì lójú, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni tó kẹ́yìn.

“Ó dáa tí o wá,” ló wí. Ó ní kí Mùínátù wọ ọ́fíìsì òun, kó wá mu tíì, kó jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ gbẹ. Mùínátù dúpẹ́, ó ní ó tó. Ó ti ń yí padà sí ọkọ̀, nítorí pé Ọmọ́níyì ń gbé kẹ́ẹ̀gì, kò sì tíì rí ibi tó fẹ́ gbé e sí.

Ọmọbìnrin ni ọmọ Ọmọ́níyì bí ní ọjọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà. Fóònù Ọmọ́níyì gba iná dáadáa. Ó ṣì ń wa ọkọ̀ náà, kò sì tún so nǹkan kan mọ́ bátìrì láìpe Mùínátù ní Adó. Mùínátù ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan, á ṣí pákó lójú àwọn òbí, á jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó wò ó. Ìyá tó kọ̀ lọ́jọ́ náà ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò.

Ọkàn Mùínátù kò balẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Qowiyy ti gbà pé kò ní balẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Bàbá Adébíyìí ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ kejì, èyí tó tóbi jù. Wọ́n kò tíì gbé e dé Igbemo, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé ẹni tó ń tà á, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mùínátù ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó sùn sílẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, ó sì fi orí wọ abẹ́ rẹ̀.